Kí ẹ tó kó ẹrù láti Èkó wá sí Ìlọrin: bí a ṣe ń fi ìnáwó ìlú méjì wé ara wọn

Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ fún ẹni tó fẹ́ kó láti Èkó wá sí Ìlọrin ni pé nǹkan dẹ̀ níbẹ̀. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo nǹkan ló dẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló dẹ̀ fún. Owó ilé máa ń wálẹ̀. Iṣu, èlùbọ́, wàrà àti èédú náà máa ń wálẹ̀. Dátà, oògùn, sìmẹ́ńtì, epo bẹntiróò àti aṣọ tí wọ́n kó láti Balógun kì í wálẹ̀. Òmíràn nínú wọn tilẹ̀ ń fi díẹ̀ ga ju ti Èkó lọ, torí pé nǹkan bíi kìlómítà 300 ni ọkọ̀ gbé e rìn kó tó dé ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí owó ilé ń jẹ ìdajì owó oṣù rẹ̀ ní Èkó máa rí ìyàtọ̀ ńlá tó bá kó dé. Ẹni tó ń gbé ilé bàbá rẹ̀ ní Muṣin, tó jẹ́ pé oúnjẹ àti dátà ló ń gba owó rẹ̀, lè dé Ìlọrin kó máa wá ibi tí ìdẹ̀rùn náà wà. Nítorí náà, ẹ má fi ìlú wé ìlú. Oṣù kan nínú ayé tiyín ní Èkó ni kí ẹ fi wé oṣù kan tí ẹ máa gbé ní Ìlọrin.

Ìwé ìnáwó ibi tí ẹ wà ló ṣáájú

Ẹ ṣí àkọsílẹ̀ báǹkì yín lórí fóònù, kí ẹ kọ gbogbo owó tó jáde láàárín oṣù mẹ́ta sílẹ̀. Oṣù kan ṣoṣo kò tó, torí oṣù tí àwọn ọmọ wọlé ìwé kò jọ oṣù tí wọ́n wà lójú ìsinmi. Owó tí ẹ fà lọ́wọ́ àwọn oní-POS ló máa ń da ìṣirò rú jù: báǹkì á kọ ₦20,000, kò ní kọ bóyá ata ni tàbí ọkọ̀. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ohun tí ẹ bá fi owó ọwọ́ rà, ẹ kọ ọ́ sórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn bá ṣe pín ni kí ẹ fi pín owó ọwọ́ ti oṣù mẹ́ta náà.

Ẹ wá pín ìnáwó náà sọ́nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni èyí tó máa tẹ̀ lé yín dé ibikíbi tí ẹ bá lọ: gbèsè, àjọ tí ẹ ń dá, owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí, dátà, owó ọmọ tó wà ní yunifásítì. Èkejì ni èyí tí ibùgbé ń yí padà: ilé, iná, omi, ọkọ̀, oúnjẹ, ilé ìwé àwọn ọmọ kéékèèké. Ẹ̀kẹta ni èyí tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí àgbò Iléyá, aṣọ ọdún, ìwé ọkọ̀. Ẹ pín ti ẹ̀kẹta yìí fún 12, kó lè bọ́ sínú oṣù. Ọ̀nà kejì nìkan ni ẹ máa wádìí iye rẹ̀ ní Ìlọrin, kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà.

Ẹ ṣọ́ra fún ìròyìn tó bá ní ìpínlẹ̀ báyìí ni nǹkan wọ́n jù. Ohun tí National Bureau of Statistics, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń kó ìṣirò jọ, sábà máa ń gbé jáde lórí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni bí owó ọjà ṣe yára gòkè sí láàárín ọdún kan. Ìpínlẹ̀ tí nǹkan ti dẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè gòkè kíákíá, kó sì tún dẹ̀ ju Èkó lọ síbẹ̀. Èyí tó wúlò fún yín lára iṣẹ́ wọn ni àtẹ iye owó oúnjẹ, gáàsì, epo àti ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí náírà pẹ̀lú náírà.

Ilé

Ilé ni gbogbo ìṣirò yìí dúró lé, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń ṣì í jù. Ẹ má fi owó ilé tí ẹ ti ń san láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn wé owó ilé tuntun. Ohun tí onílé yín máa gbà lọ́wọ́ yín lọ́dún tó ń bọ̀ ni kí ẹ fi wé e. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnu yà yín débi pé ẹ máa kúrò nínú mini-flat ní Èkó bọ́ sínú fúláàtì oníyàrá mẹ́ta ní Ìlọrin torí pé owó wọn jọra. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn: wọ́n kó wá nítorí kí owó lè ṣẹ́kù, wọ́n wá kó gbogbo rẹ̀ lé orí yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í sùn sí. Ẹ ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan fún irú ilé tí ẹ ń gbé lọ́wọ́, lẹ́ẹ̀kan fún irú ilé tí ẹ fẹ́ gan-an.

Owó tí ajẹ́ǹtì bá kọ́kọ́ dá kọ́ ni owó ilé. Owó ajẹ́ǹtì wà, owó àdéhùn wà, owó kọ́ṣọ̀n (èyí tí onílé ń mú dání títí ẹ ó fi kó jáde) wà, nígbà mìíràn owó ìmọ́tótó náà wà. Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Èmi ni mo gbé iye rẹ̀ kalẹ̀ kí ìṣirò lè hàn, kì í ṣe iye ọjà. Ká gbà pé owó ilé yín tó ń bọ̀ ní Èkó jẹ́ ₦900,000 lọ́dún, ìyẹn ₦75,000 lóṣù. Ilé ti Ìlọrin jẹ́ ₦400,000, owó ajẹ́ǹtì ₦40,000, àdéhùn ₦40,000, kọ́ṣọ̀n ₦50,000. Ohun tó máa jáde lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ₦530,000. Kọ́ṣọ̀n yẹ kó padà wá, ẹ yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ẹ bá gbé ibẹ̀ fún ọdún méjì, owó ilé jẹ́ ₦800,000, pẹ̀lú ₦80,000 ti ajẹ́ǹtì àti àdéhùn, ó di ₦880,000. Ẹ pín in fún oṣù 24, ₦36,667 lóṣù nìyẹn. Àmọ́ bí ẹ bá kúrò lẹ́yìn ọdún kan, ₦480,000 pín sí oṣù 12 jẹ́ ₦40,000. Bí ẹ bá ṣe pẹ́ sí níbẹ̀ ni owó àkọ́wọlé ṣe ń fẹ́lẹ́ sí. Ẹni tí kò dá a lójú pé òun máa pé ọdún kan ní Ìlọrin kò gbọ́dọ̀ lo ìṣirò ọdún méjì.

Ìlọrin fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìlú kan ṣoṣo lórí ọ̀rọ̀ ilé. Tánkè àti Òkè-Odò wà lójú ọ̀nà Yunifásítì Ìlọrin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń gbé owó self-contain ga níbẹ̀. Yàrá kan níbẹ̀ lè gba owó tó máa gba yàrá méjì pẹ̀lú pálọ̀ ní Gànmọ́ tàbí ní ìhà Egbéjìlà. GRA àti apá kan Fátẹ̀ jẹ́ ti ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Adéwọlé àti Gàá-Akanbí wà láàárín méjì. Àdúgbò àtijọ́ tó yí Ọjà-Ọba ká, bí Pàkátà àti Òkèléle, sábà máa ń rọjú jù, àmọ́ ẹ wo ilé ìwẹ̀ àti ibi tí ọkọ̀ lè dé kí ẹ tó sanwó. Bí Tánkè bá jẹ́ dandan fún yín, ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá wà lójú ìsinmi ni kí ẹ wá ilé, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń wọlé.

Iná àti omi, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé

IBEDC ló ń pín iná ní Kwara. Bí ó ṣe rí ní Èkó náà ló rí níbí: ìsọ̀rí ni wọ́n pín iná sí. Band A yẹ kó rí iná ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́, B 16, C 12, D 8, E 4. Nígbà tí ìjọba gbé owó Band A láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225 lórí yúníìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọn kò fọwọ́ kan ti àwọn yòókù. Iye náà ti ń yí padà láti ìgbà náà, àmọ́ àlàfo ńlá tó wà láàárín A àti àwọn tó kù ni kí ẹ fi sọ́kàn. Ilé méjì tí owó wọn dọ́gba, tí ọ̀kan wà lórí Band A, tí èkejì wà lórí C, kì í ṣe owó kan náà ni wọ́n máa ná yín.

Ẹ kó rìsíìtì iná oṣù mẹ́ta tí ẹ ti rà ní Èkó jọ. Iye yúníìtì wà lára rẹ̀. Ẹ ro ó pọ̀, ẹ pín in fún mẹ́ta, kí ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin lé e fún oṣù kejì sí ìkẹrin ọdún, torí ooru Ìlọrin lásìkò yẹn kò jọ ti ẹ̀bá òkun rárá. Fáànù kì í sinmi. Iye yúníìtì yẹn lọ́nà iye tí ìsọ̀rí àdúgbò náà ń san ni owó iná yín. Bí ìsọ̀rí náà bá wà nísàlẹ̀, ẹ ro wákàtí tí jẹnẹrétọ̀ máa ṣiṣẹ́ mọ́ ọn. Ẹ bu lítà kan epo sínú jẹnẹrétọ̀ yín, ẹ tan án pẹ̀lú ohun tí ẹ sábà máa ń lò, kí ẹ ka ìṣẹ́jú tó fi jó o tán. Ìyẹn dára ju iye tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín lọ.

Ẹ má bi ajẹ́ǹtì bí iná ṣe ń wá sí. Ẹ lọ bá onígbàjámọ̀ tó wà ní ìtòsí ilé náà, tàbí ìyá tó ń ta omi tútù, kí ẹ bi í léèrè iye wákàtí tí iná wà lánàá àti lójọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Iná ni oúnjẹ wọn, wọ́n ń kà á. Ẹ sì rí mítà ilé náà fúnra yín. Bí èèyàn mẹ́ta bá ń lo mítà kan, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń dá owó, torí ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Omi ni àwọn ará Èkó kì í rò. Púpọ̀ nínú ilé tó wà ní ẹ̀yìn ìlú, kànga tàbí bọ́họ̀ọ̀lù ni wọ́n gbára lé, orí àpáta sì ni apá púpọ̀ nínú Ìlọrin wà. Kànga tó kún nínú oṣù kẹsàn-án lè gbẹ kí oṣù kẹta tó dé. Bí ẹ bá ń wo ilé nígbà òjò, ẹ bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ pé oṣù wo ni wọ́n máa ń ra omi, àti iye kẹ́ẹ̀gì lóòjọ́. Ìdílé tó ń lo kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́jọ lóòjọ́ ń lo lítà 200. Táǹkì lítà 1,000 kò ní bá wọn ju ọjọ́ márùn-ún lọ. Bí wọ́n bá ní oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń ra omi, ẹ ro owó oṣù mẹ́ta náà, ẹ pín in fún 12, kí ẹ fi kún owó ilé.

Ọjà: òṣùwọ̀n ni kí ẹ fi wé, kì í ṣe orúkọ

Dẹ́ríkà àti páìntì ni ẹ mọ̀ ní Èkó, kọ́ńgò ni wọ́n ń lò ní Ìbàdàn, ẹ máa bá mùdù pàdé ní Ìlọrin. Kò sí èyí tó bá ara wọn mu. Mùdù ọlọ́jà kan sì lè yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì rẹ̀: wọ́n ti tẹ ìdí òmíràn wọnú, òmíràn ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó fi lè ṣorí gọbọi, ẹlòmíràn á fi ọwọ́ ra á kó tẹ́jú. Ẹni tó bá fi owó mùdù wé owó kọ́ńgò ti purọ́ fún ara rẹ̀. Ẹ ra òṣùwọ̀n kan nínú ìrẹsì, ẹ̀wà, gàrí àti èlùbọ́ ní ìlú méjèèjì, kí ẹ gbé e sórí ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun kéèkì. Ẹ pín owó fún kìlò. Bí mùdù ẹ̀wà kan bá jẹ́ ₦1,800 tó sì wọn kìlò 1.5, ₦1,200 ni kìlò kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe fún dẹ́ríkà ti Èkó, ìgbà yẹn ni ẹ tó lè sọ ibi tó wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ kan náà ni kí ẹ lọ sọ́jà ní ìlú méjèèjì, tàbí kí ẹ rán ẹnì kan. Iṣu máa ń wọ́n láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹfà, kí tuntun tó dé. Ó máa ń rọ̀ láti oṣù kẹjọ lọ. Ẹni tó bá fi iṣu oṣù karùn-ún ní Mile 12 ní Èkó wé iṣu oṣù kọkànlá ní ọjà Mandate ní Ìlọrin, ìgbà ló fi wéra, kì í ṣe ìlú. Ọjà Ìpàta ní Ìlọrin ni kí ẹ ti béèrè ata, tòmátì àti ẹran. Ẹ lọ láàárọ̀. Owó tí wọ́n ń tà á nínú ṣọ́ọ̀bù àdúgbò Tánkè yàtọ̀, bí ẹ bá sì mọ̀ pé ẹ kò ní máa lọ sí Ìpàta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, owó ṣọ́ọ̀bù àdúgbò ni kí ẹ kọ.

Ìdílé kan kì í jẹ ohun kan náà ní ìlú méjì. Ẹni tó ń jẹ ẹja òkun ní Èkó lè máa fi wàrà àti ẹran se ọbẹ̀ ní Ìlọrin. Nítorí náà, ẹ kọ àkójọ oúnjẹ méjì: ohun tí ẹ ń jẹ lọ́wọ́, ní owó Ìlọrin, àti ohun tí ẹ gbà pé ẹ máa jẹ ní Ìlọrin, ní owó Ìlọrin. Iye tòótọ́ máa bọ́ sáàárín méjèèjì.

Ọkọ̀, àti ìbéèrè Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán

Ní Ìlọrin, kẹ̀kẹ́ márúwá, takisí àti ọ̀kadà ló ń gbé èèyàn. Ìrìn kì í jìnnà, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ kì í tó ti Èkó. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹ máa wọ ọkọ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ibi iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ méjì ní àlọ, méjì ní àbọ̀, ẹ ro owó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ fi lọ́po ọjọ́ 22. Bí iṣẹ́ yín bá máa ń gbé yín dé alẹ́, ẹ fi owó dúrọ́ọ̀pù kún un, torí lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án ọkọ̀ kì í pọ̀ lójú ọ̀nà ẹ̀yìn ìlú. Kò sì yẹ kí ẹ gbàgbé Èkó: bí ẹ bá ṣì ní ọjà, oníbàárà tàbí ìyàwó ilé níbẹ̀, iye ìgbà tí ẹ máa lọ lóṣù lọ́nà owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ jẹ́ ara owó gbígbé Ìlọrin.

Àwọn kan máa ń rò pé táwọn bá gbé Ọ̀fà tàbí Àjàṣẹ́-Ìpo ní gúúsù Kwara tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, owó á túbọ̀ ṣẹ́kù. Ìṣirò rẹ̀ kúrú. Ẹ mú ìyàtọ̀ owó ilé lóṣù, ẹ pín in fún owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ọjọ́ kan. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ ₦12,000, tí ọkọ̀ ọjọ́ kan jẹ́ ₦3,000, ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ lè lọ sí Ìlọrin lóṣù kí èrè tó tán. Ẹni tó ń lọ lójoojúmọ́, kó gbé Ìlọrin. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nílé, tàbí tí ọ́fíìsì ń fẹ́ rí ní ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, Ọ̀fà dára fún un gan-an, bó bá ti dán íntánẹ́ẹ̀tì àdúgbò náà wò ní ọ̀sán àti ní alẹ́. Ẹ má sì rò pé ìlú kékeré túmọ̀ sí ilé tó rọjú níbi gbogbo: Landmark University ní Òmù-Àrán àti Federal Polytechnic ní Ọ̀fà ti gbé owó ilé tó wà nítòsí wọn sókè, gẹ́gẹ́ bí Yunifásítì Ìlọrin ṣe ṣe Tánkè. Àǹfààní gúúsù Kwara wà lójú ọjà ọrọọrún, níbi tí àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń tajà. Ẹni tó lè ra nǹkan ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan ló máa jẹ ẹ́.

Ohun tó ń wọlé

Ìgbà tí ẹ bá kọ ìnáwó méjèèjì tán, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kan náà kì í san iye kan náà. Lọ́dún 2024, Èkó kéde ₦85,000 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ ìjọba rẹ̀, Kwara sì dúró lórí ₦70,000. Ohun tó ṣẹ́kù ní òpin oṣù ni kí ẹ fi wéra. Ká sọ pé ẹ ń gba ₦400,000 ní Èkó, ẹ ń ná ₦310,000: ₦90,000 ló kù. Wọ́n fi ₦320,000 lọ̀ yín ní Ìlọrin, ìṣirò yín sì fi ₦235,000 hàn: ₦85,000 ló kù. Ìnáwó ti fi ₦75,000 wálẹ̀, síbẹ̀ ẹ pàdánù ₦5,000. Ó lè tọ́ sí i fún ọkàn tó balẹ̀ àti wákàtí tí ẹ kò ní fi jókòó lójú ọ̀nà mọ́, àmọ́ ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó gbà.

Owó orí kò yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Ìpele rẹ̀ dọ́gba ní gbogbo Nàìjíríà. Lábẹ́ òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí, wọ́n sì ń yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé kúrò nínú owó tí wọ́n máa bu owó orí lé, kó má ju ₦500,000 lọ. Ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ onílé.

Ìnáwó kan wà tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni: àríyá. Ẹni tó jẹ́ ọmọ Ìlọrin tàbí ọmọ Ìgbómìnà, tó ti ń fi owó ránṣẹ́ láti Èkó, máa wà nítòsí báyìí. Wọ́n á pè é sí nìkáì, wólímọ̀, ìsìnkú àti ìpàdé ẹbí, aṣọ ẹbí sì máa tẹ̀ lé e. Ẹ bi àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń gbé ibẹ̀ pé iye wo ló ń lọ lé e lóṣù. Iye tó bá sọ ni kí ẹ kọ.

Owó kíkó, àti kíkúrò ní Èkó

Ọkọ̀ ńlá tó gbé tòmátì àti àlùbọ́sà wá sí Èkó láti òkè Ọya sábà máa ń wá ẹrù tó máa gbé padà, owó rẹ̀ sì máa ń rọjú ju ọkọ̀ tí ẹ yá ní tààrà lọ. Ewu rẹ̀ ni pé ẹrù yín lè dúró lọ́nà. Ẹ kọ ohun tí ẹ kó sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹnì kan sì bá ọkọ̀ náà lọ. Bí gbogbo owó kíkó bá jẹ́ ₦350,000, tí àǹfààní yín lóṣù sì jẹ́ ₦38,333 bíi ti àpẹẹrẹ ilé lókè (₦75,000 tí a yọ ₦36,667 kúrò nínú rẹ̀), ó di oṣù kẹwàá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èrè. Jẹnẹrétọ̀ àti fíríìjì tó ti gbó, ẹ wo iye tí ẹ lè tà á ní Èkó àti iye tí ẹ máa fi ra irú rẹ̀ ní Ìlọrin kí ẹ tó sanwó ọkọ̀ lé e lórí.

Ẹ ka ìwé àdéhùn ilé Èkó yín kí ẹ tó sọ ọjọ́ tí ẹ máa lọ. Bí ìwé náà kò bá sọ iye ìgbà ìkìlọ̀, òfin ayálégbé ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ní oṣù mẹ́fà ni ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún máa fi kìlọ̀, oṣù kan sì ni ti ẹni tó ń san lóṣooṣù. Ẹ fi ìwé kọ ọ́, kí onílé fọwọ́ sí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kó tán, ẹ ya fọ́tò gbogbo yàrá, fèrèsé, ọpọ́n ìfọwọ́ àti iye tó wà lórí mítà, kí ẹ wá fi béèrè owó kọ́ṣọ̀n yín nígbà tí ẹ bá ń fi kọ́kọ́rọ́ lé onílé lọ́wọ́, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti dé Ìlọrin.